Ọbẹ̀ Tí Oníbàárà Kì í Jẹ: Bí A Ṣe Lè Fi Ìdánwò Kékeré Bẹ̀rẹ̀ Òwò

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àgbà. Mo máa pa òwe díẹ̀ lónìí, mo sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Tótó, ó ṣe bí òwe o.

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń dá òwò sílẹ̀ ní Ìlú Ọba yìí, nítorí pé iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Nàìjíríà ni mo ti gba oyè àkọ́kọ́, ibí ni mo ti gba oyè kejì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí i. Orí tábìlì mi ni mo ti rí i. Lọ́dọọdún, bí oṣù kìíní bá ń parí lọ, tí ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìjọba mọ iye tó wọlé fún wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn wa máa ń gbé àpò náílọ́ọ̀nù tí rìsíìtì kún inú rẹ̀ wá bá mi. Inú àpò yẹn ni mo ti ń ka ìtàn. Òmíràn ń pani lẹ́rìn-ín. Òmíràn ń pani lẹ́kún.

Mo mọ tọkọtaya kan. N kò ní í dárúkọ wọn, wọn kì í sì í ṣe ará ẹgbẹ́ yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bojú wẹ̀yìn. Wọ́n dá àjọ fún ọdún méje. Wọ́n tún yá owó lé orí ilé tí wọ́n ń gbé. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ńlá kan láti fi ṣe ilé oúnjẹ, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́wàá. Wọ́n kun ilé náà, wọ́n ra àga tuntun, wọ́n ra firíísà mẹ́ta, wọ́n gbé pátákó ńlá síta, wọ́n pe onílù. Gbogbo wa la lọ jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ ìṣíde. Ọbẹ̀ ìyá náà dùn, kò sí ẹni tó lè sọ pé kò dùn. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún kan tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Kí ló dé? Àwọn tó ń kọjá ní àdúgbò yẹn lọ́sàn-án, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Oúnjẹ tí wọ́n lè gbé lọ́wọ́ jẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ń wá. Àwọn èèyàn wa tó lè jókòó jẹ iyán pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jìnnà síbẹ̀, ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n sì ń ráyè. Ohun tí àtẹ kékeré kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ì bá sọ fún wọn, ilé wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù ti, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kò tì, nítorí pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi orúkọ ara wọn dúró fún owó ilé náà. Owó ilé ìtajà kì í béèrè bóyá oníbàárà wá lónìí tàbí kò wá. Ó ń dé lóṣooṣù ni.

Ìdí nìyí tí mo fi yan àkòrí mi. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Mo rí i pé ẹ̀yin ìyá wa ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ayé ti yí padà, pé baálé náà ti ń wọ ilé ìdáná báyìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ di ìpàdé tó ń bọ̀. Nínú òwò, oníbàárà ni baálé. Ìbéèrè tèmi ni pé, báwo ni ìyáálé ṣe mọ ọbẹ̀ tí baálé ń jẹ? Kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kì í sì í ṣe pé ó jókòó ó ń rò ó nínú yàrá. Ó se díẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì wo bí àwo ṣe padà dé. Bí àwo bá padà tí ó mọ́ tónítóní, ó mọ̀. Bí ó bá padà tí ọbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, tí baálé sì ní "ó dùn, mo ti yó ni", ó mọ ìyẹn náà. Ẹnu lè purọ́. Àwo kì í purọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: ẹ se díẹ̀, ẹ tà á, ẹ wo àwo, ẹ tún un se. Ìgbà tí àwo bá ti ń padà ní mímọ́ ni kí ẹ tó lọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́wàá.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n òyìnbó ni mo gbé wá. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é kí a tó bí wa. Ẹni tó bá ti ra gàárì rí lọ́jà mọ̀ pé oníṣòwò á ní kí o bù ú tọ́ wò. Bí o ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ojú rẹ ló ń wò. Alákàrà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ din méjì mẹ́ta, á fi fún ọmọ tó wà nítòsí, kó tó da gbogbo rẹ̀ sínú epo. Ẹ tún wo àwọn aládìrẹ Ẹ̀gbá àti ti Ìbàdàn. Oríṣiríṣi àwòrán ni wọ́n fi ẹ̀kọ yà sára aṣọ: Olókun, Ìbàdàndùn tó ní àwòrán òpó gbọ̀ngàn Mápó lára, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún àti Ayaba Mary ṣe àjọyọ̀ ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí a wà yìí, àwọn ìyá wa rí ọjà níbẹ̀. Wọ́n fi àwòrán ọba àti ayaba ṣe aṣọ, òun ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́ba. Àwòrán tó bá tà ni wọ́n tún ń ṣe. Èyí tí kò bá tà, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Àwọn aládìrẹ yìí kan náà tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì. Ní àwọn ọdún 1920 sí 1930, àwọn kan ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódà líle àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá, kí owó iṣẹ́ sì dín kù. Àwọn oníbàárà ráhùn pé aṣọ kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni pé ọrọ̀ ajé gbogbo ayé burú nígbà yẹn, kì í ṣe sódà nìkan ló fa ìṣòro. Ṣùgbọ́n ìráhùn náà le débi pé ọ̀rọ̀ dé ààfin Aláké, wọ́n sì fòfin de nǹkan wọ̀nyẹn. Ẹ rí i pé bí oníbàárà bá ń ráhùn tí a kò tètè dá a lóhùn, ẹlòmíràn ni yóò bá wa dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú ìtàn méjì wá láti ilẹ̀ àwọn òyìnbó fúnra wọn, kí ẹ lè fi wọ́n wéra.

Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1998, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan, Richard Reed, Adam Balon àti Jon Wright, tí wọ́n jọ kàwé ní Cambridge, fẹ́ máa ta èso lílọ̀ tí a ń mu nínú ìgò. Iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Wọn kò kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ra èso £500, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n gbé àtẹ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin. Wọ́n kọ pátákó síwájú àtẹ, wọ́n bi àwọn èèyàn bóyá kí àwọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa ṣe nǹkan mímu yìí. Wọ́n wá gbé garawa ìdalẹ̀nù méjì síbẹ̀, wọ́n kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sára ọ̀kan, wọ́n kọ "Bẹ́ẹ̀ kọ́" sára èkejì. Ẹni tó bá ra èso lílọ̀, tó mu ún tán, á ju ìgò rẹ̀ sínú èyí tó bá wù ú. Nígbà tí àjọ̀dún parí, garawa "Bẹ́ẹ̀ ni" ti kún. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òwò náà ni Innocent. Coca-Cola kọ́kọ́ ra díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún 2009, nígbà tó fi di 2013, ó ti ra èyí tó ju ìdá 90 nínú 100 lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ nìyí. Ẹni tó ń dìbò, owó rẹ̀ ti jáde lápò. Ó ti mu ún tán. Ìgò òfìfo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ ọ wò.

Ìtàn kejì ti Amẹ́ríkà wá. Wọ́n dá Webvan sílẹ̀ lọ́dún 1996 láti máa gbé oúnjẹ tí èèyàn bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́dún 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà fún àwọn ará agbègbè San Francisco. Lọ́dún yẹn kan náà, kí ìlú kan ṣoṣo yẹn tó mú èrè wá, wọ́n ti bá ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan ṣe àdéhùn bílíọ̀nù kan dọ́là láti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá sí ìlú 26. Oṣù keje ọdún 2001 ni owó tán pátápátá. Wọ́n palẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó, èrò yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Lónìí, ta ni nínú wa tí wọn kì í gbé ọjà wá bá nílé? Wọ́n ti kọ́ ilé fún ọgọ́rùn-ún àlejò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá mẹ́wàá máa wá ni.

Àwọn Webvan ní owó ju gbogbo wa lọ. Àwọn Innocent ní garawa méjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn kan béèrè kí wọ́n tó náwó, àwọn kan náwó kí wọ́n tó béèrè.

Ó ku bí a ṣe lè ṣe é. Ìyá kan tí mo ń bá ṣírò owó rẹ̀ gbà mí láyè kí n sọ ìtàn tirẹ̀ láìdárúkọ. Mọ́ínmọ́ín ni ìyá yìí fẹ́ máa sè fún àwọn ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ti rí ibi tó máa háyà, ó ti rí ẹ̀rọ tó máa rà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká kọ́kọ́ ta 40 ná. Ó binú díẹ̀, ó ní gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín òun dùn. Mo ní, "Mọ̀mí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwo."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo 40 tán. Gbogbo èèyàn ń yìn ín. Ọ̀sẹ̀ kejì, díẹ̀ nínú àwọn tó yìn ín ló padà wá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní ayé kò fẹ́ràn wọn. Ìyá yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá àwọn tí kò padà wá kàn, ó sì fi sùúrù bi wọ́n. Ìyá ọlọ́mọ kan ní ata ti pọ̀ jù fún àwọn ọmọ òun. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun fẹ́ràn ewé, ṣùgbọ́n ike tí òun lè gbé sínú máíkírówéèfù níbi iṣẹ́ ló wúlò fún òun. Ìyá àgbà kan ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó yí gbogbo nǹkan padà. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi náà mọ mọ́ínmọ́ín sè. Bíbó ẹ̀wà ni mi ò lè ṣe mọ́. Ọwọ́ ń dùn mí."

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe mọ́ínmọ́ín ni ìyá àgbà náà ń wá, iṣẹ́ ló fẹ́ kí ẹnìkan bá òun gbé kúrò lọ́wọ́. Ìyá wa bó ẹ̀wà, ó lọ̀ ọ́, ó dì í sínú ike kékeré, ó sì gbé e sínú firíísà. Ike 12 péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan náà ló ń padà wá rà á ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sẹ̀ kẹrin. Wọ́n ń fi se mọ́ínmọ́ín, wọ́n ń fi din àkàrà, kálukú ń fi ata tó wù ú sí i. Lónìí, ilé ìdáná tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò ló ń háyà fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kò ra ẹ̀rọ ńlá yẹn. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ká ní ó ti ra ẹ̀rọ mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ta ni ì bá gbọ́ ohùn ìyá àgbà yẹn?

Nínú ìtàn yìí àti irú rẹ̀ tí mo ti rí, ẹ jẹ́ kí n yọ nǹkan márùn-ún jáde fún yín.

Èkínní, ẹ wá ọ̀nà tó kéré jù lọ tí ẹ lè fi mọ òtítọ́. Lọ́dún 1999, Nick Swinmurn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará Amẹ́ríkà á ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ wò. Kò ra bàtà kankan pamọ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí, ó ya fọ́tò bàtà wọn, ó gbé fọ́tò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ rà, á padà lọ ra á ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, á sì fi ránṣẹ́. Kò rí èrè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ìdáhùn. Ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ Zappos, tí Amazon rà lọ́dún 2009. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ wá èyí tó kéré níbẹ̀.

Èkejì, ẹ gba owó. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ta lọ́rẹ. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ kò ní àbùkù lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí èèyàn bá ti yọ £4 jáde ló tó máa sọ òótọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ bí a ṣe ń béèrè. Ẹ má bi ọmọ Yorùbá pé, "Ṣé ẹ máa ra á?" Ẹ mọ̀ wá. A kì í fẹ́ dójú ti ènìyàn. A máa ní, "Ah, a máa rà á dáadáa, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." A ti gbàdúrà, ṣùgbọ́n a kò sọ pé a máa rà á. Ẹ béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀: "Ìgbà wo lẹ ra irú rẹ̀ gbẹ̀yìn? Èló lẹ rà á? Kí ni kò tẹ́ yín lọ́rùn níbẹ̀?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Bí oníbàárà bá ń ráhùn, ẹ má gbèjà ọbẹ̀ yín. Ẹ mú bírò.

Ẹ̀kẹrin, nǹkan kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá dín ata kù, tí ẹ pààrọ̀ ike, tí ẹ sì fi owó lé e lọ́jọ́ kan náà, bí ọjà bá wá kù sílẹ̀, ta lẹ máa mú? Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ohun tí mo rò, ohun tí mo ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí màá yí padà. Ìwé yẹn wúlò ju pátákó tó ń tàn yòò lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni ti èmi oníṣirò owó gan-an. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye owó tí ẹ lè pàdánù láìsí ẹkún sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa dá a dúró bí kò bá yọrí. Kí ọkọ mọ̀ ọ́n, kí aya mọ̀ ọ́n. Ẹ tún jẹ́ kí a jọ ṣírò díẹ̀. Ká ní ẹ ń ta ike kan ní £4. Ohun tí ẹ fi ṣe é jẹ́ £2, ike àti bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn jẹ́ 50p. Ó ku £1.50. Bí ẹ bá gba àtẹ £30 lójúmọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ta 20 kí ẹ tó rí owó àtẹ san. Bí ẹ bá gba ṣọ́ọ̀bù £1,500 lóṣù, ẹ gbọ́dọ̀ ta 1,000 lóṣù kí ẹ tó rí owó ilé nìkan san. A kò tíì sọ ti iná mànàmáná, a kò tíì sọ ti kánsù, a kò tíì san owó iṣẹ́ fún ẹ̀yin fúnra yín. Ẹni tó ti ta 20 léraléra lórí àtẹ lè ronú sí 1,000. Ẹni tí kò tíì ta ẹyọ kan, kí ló fẹ́ fi ronú?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí oníbàárà bá sọ la ń ṣe, ọ̀tọ̀ sì ni kí a tọ́ nǹkan wò, ọ̀tọ̀ ni kí a máa rà á lọ sílé. Ní April 1985, Coca-Cola yí adùn rẹ̀ padà. Wọ́n ti kọ́kọ́ fún èèyàn bí 200,000 tọ́ wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ní tuntun dùn ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé tuntun síta tí wọ́n sì kó ti àtijọ́ kúrò, àwọn ará Amẹ́ríkà yarí. Ọjọ́ 79 péré ni wọ́n fi fara dà á, wọ́n dá ti àtijọ́ padà ní July 11. Wọ́n béèrè èyí tó dùn jù. Wọn kò béèrè bó ṣe máa rí lára àwọn èèyàn bí àwọn bá gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè tí a kò béèrè dáadáa, kò sí bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó, yóò ṣì wá lọ́nà.

Ìkìlọ̀ kejì: ìdánwò kékeré kì í ṣe àyè láti rú òfin. Bí oúnjẹ lẹ fẹ́ tà, kódà láti ilé ìdáná yín, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánsù yín, ó kéré tán ọjọ́ 28 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Láti October 2021, oúnjẹ tí ẹ bá dì sílẹ̀ kí oníbàárà tó wá rà á níbi tí ẹ ti dì í gbọ́dọ̀ ní bébà tó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí àwọn nǹkan 14 tí òfin kà sílẹ̀, tó lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá, sì hàn kedere. Ẹ̀pà, ẹyin, mílíìkì, ẹja àti àlìkámà wà nínú wọn. Ikú ọmọbìnrin kan tó jẹ búrẹ́dì tí bébà rẹ̀ kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, lọ́dún 2016, ló bí òfin yẹn. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní ti owó orí, láti ọdún 2017 ni ìjọba ti ń yọ̀ǹda £1,000 àkọ́kọ́ tí òwò kékeré bá mú wọlé lọ́dún. Bí tiyín bá ń sún mọ́ iye yẹn, ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ẹ má dúró di ìparí oṣù kìíní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú mi.

Ó kan ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ dìde dúró díẹ̀. Bí mo bá ní "Ọbẹ̀ dùn?", kí gbogbo yín dáhùn pé "Ẹ wo àwo!" Ṣé ẹ gbọ́? Ọbẹ̀ dùn? Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó.

Ká ní ìwọ ọmọ ọdún mẹ́wàá fẹ́ máa sín ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tà níbi ìpàtẹ ilé ìwé yín. Má sín 50 aláwọ̀ ewé nítorí pé ìwọ lo fẹ́ràn àwọ̀ ewé. Sín mẹ́wàá, àwọ̀ márùn-ún, méjì méjì. Wo èyí tó kọ́kọ́ tán. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wò tó sì gbé e sílẹ̀ pé kí ló dé. Bóyá ó tóbi jù fún ọwọ́ rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, sín èyí tí wọ́n béèrè. Mo mọ̀ pé nílé ìwé, bí a bá pe nǹkan ní ìdánwò, ẹ̀rù máa ń bà yín pé ẹ lè fìdí rẹmi. Irú ìdánwò tí mo ń sọ yìí kò ní ìfìdírẹmi. Èyí tó ní "bẹ́ẹ̀ kọ́" náà ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó ti gba owó yín sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ yín kò bá tà, ẹ má ra gbogbo rẹ̀ tán láti pa á lẹ́nu mọ́ pé ó ti tà. Ẹ sì má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ ní, "Kí ni wọ́n sọ? Kí lo fẹ́ yí padà?" Ọmọ tó bá kọ́ ìyẹn ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ní í fi ilé rẹ̀ kọ́ ọ ní ọmọ ogójì ọdún.

N kò sọ pé kí ẹ má ṣòwò o. Ẹ ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn tó gbé wa dé ibí yìí, òwò ni wọ́n fi tọ́ wa. Ẹ̀rù kò gbọ́dọ̀ ba ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹ́ kí imú wọlé ná kí ẹ tó ti gbogbo ara bọ̀ ọ́.

Kí Elédùmarè jẹ́ kí òwò yín gbè yín. Kí ó fún wa ní etí tí a ó fi gbọ́ oníbàárà, kí ó fún wa ní sùúrù tí a ó fi tún un ṣe. Àjọ tí ẹ fi òógùn dá, kò ní í ṣòfò. A ó bá àwọn ọmọ wa jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwo yín yóò máa padà ní mímọ́.